Fọ́ńgọ́ọ̀sì inú ìgbẹ́ ẹyẹlé tó ń di etí èèyàn

Ẹ̀yin tí ẹ fi íápìs sétí, tí ìró bá dédé dákẹ́ ńkọ́? Kì í ṣe bátìrì ló kú o, etí gan-an ló di.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, etí ìyá kan ládùúgbò wa di, lẹ́yìn tí orí ti ń fọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Gbogbo wa ní aráyé ló ṣe é. N ò lè sọ ohun tó ṣe ìyá náà, àmọ́ ìtàn òní ń jẹ́ kí n rántí wọn.

Fọ́ńgọ́ọ̀sì kan wà tó ń jẹ́ Cryptococcus. Lọ́dún 1894, Otto Busse àti Abraham Buschke rí i lára obìnrin kan tí ojúgun rẹ̀ ń ṣe é, ní ìlú Greifswald, Jámánì. Lọ́dún yẹn kan náà, Francesco Sanfelice rí i nínú omi èso píìṣì ní Ítálì. Ní 1955, Chester Emmons ní Amẹ́ríkà rí i nínú ìgbẹ́ ẹyẹlé. Àní ẹyẹlé tí ń bá onílé jẹ, tí ń bá onílé mu!

A máa ń fà á símú pẹ̀lú ekuru. Ara tó le máa ń ṣẹ́gun rẹ̀. Àmọ́ tí agbára ara bá ti dínkù, pàápàá nítorí kòkòrò HIV, á gba inú ẹ̀jẹ̀ dé awọ tó bo ọpọlọ. Orí á máa fọ́, ojú á máa ṣe bàìbàì. Ó tún lè ba iṣan tó ń gbé ìró láti etí lọ sí ọpọlọ jẹ́. Nínú àwọn kan, etí dídi ló kọ́kọ́ hàn.

Kí oògùn amphotericin B tó dé láàárín ọdún 1950 sí 1960, ẹni tó bá dé ọpọlọ rẹ̀ kì í sábà yè. Erùpẹ̀ agbègbè odò Orinoco, ní Venezuela, ni wọ́n ti rí oògùn náà. Ó ń gbani là, àmọ́ ó ń da kíndìnrín láàmú, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n sì fi ń fà á sára aláìsàn.

Ní 2022, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Botswana, Malawi, South Africa, Uganda àti Zimbabwe fi hàn pé oríṣi rẹ̀ kan, tí wọ́n fà síni lára lẹ́ẹ̀kan péré, pẹ̀lú oògùn oníhóró méjì fún ọ̀sẹ̀ méjì, ń ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà á wọlé lọ́dún náà. Ilẹ̀ wa ni ìdáhùn yẹn ti wá.

Àmọ́ oògùn lè pa fọ́ńgọ́ọ̀sì náà, kí etí má sì là mọ́. Ìdí nìyẹn tí àsìkò fi ṣe pàtàkì. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè tú u fó láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Tí orí bá ń fọ́ ẹni yín tí kò lọ, tí etí rẹ̀ wá ń di, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó máa wá ẹni tó ṣe é. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Ó di ètò mìíràn.