Eégún Alárìnjó: Láti Ìgbòho dé Orí Ìtàgé Ògúńdé

Alárìnjó ni àwọn eégún tí wọ́n máa ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, tí wọ́n ń jó sí bàtá, tí wọ́n ń sun ẹ̀sà, tí wọ́n ń pidán, tí wọ́n sì ń pa àwọn òǹwòran lẹ́rìn-ín. A tún ń pè wọ́n ní eégún aláré tàbí apidán. Èébú ni orúkọ náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ́ wọn lára.

Orísun rẹ̀

Ìgbòho ní Òkè-Ògùn ni àwọn Aláàfin tẹ̀dó sí lẹ́yìn tí Tápà lé wọn kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Nígbà tí Aláàfin Abípa fẹ́ padà sílé, àwọn ìjòyè tí kò fẹ́ lọ rán àfín, abuké àti adẹ́tẹ̀ sí orí òkè Ọ̀yọ́-Ilé, kí wọ́n máa ké lóru bí iwin. Ológbò tú àṣírí fún ọba, àwọn ọdẹ sì lọ kó gbogbo wọn. Ìdí nìyí tí a fi ń pe Abípa ní Ọba M'ọ́rọ̀. Onímọ̀ Joel Adédèjì ka ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sí ìbẹ̀rẹ̀ eré alárìnjó.

Ní oṣù kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton wo irú eré yìí ní Ọ̀yọ́-Ilé. Lẹ́yìn tí òjòlá ti jáde, "òyìnbó" kan yọ, ó funfun, ó ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Ẹ̀rín sọ!

Lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì

Nígbà tí òyìnbó di ọ̀gá lórí ilẹ̀ wa, ẹ̀fẹ̀ yìí kò parẹ́. Ẹni tí kò tó ajẹ́lẹ̀ í dá lóhùn lè fi í rẹ́rìn-ín lójú agbo. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn àáfà ní tiwọn ka eégún sí ìbọ̀rìṣà.

Hubert Ògúńdé (1916–1990), ọmọ Òsósà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ti bá eégún alárìnjó ṣeré ní kékeré. Ó ṣe ọlọ́pàá, ó sì gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní 1944 fún ìjọ Aládùúrà. Ní 1945 ó gbé "Strike and Hunger" jáde lórí ìyanṣẹ́lódì ọdún náà. Ọlọ́pàá dá a dúró ní Jos ní 1946. "Bread and Bullet" (1950) dá lórí àwọn awakùsà èédú 21 tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Enugu ní 1949. Ìjọba fòfin dè é ní Kano. Síbẹ̀ ó ń ti ìlú dé ìlú. Orin àti ijó tí ó fi ń ṣí eré jọ ìjúbà àwọn alárìnjó gan-an.

Àwọn àgbà ní: "Bí eégún bá ń léni, kí a máa rọ́jú, bó ti ń rẹ ará ayé, bẹ́ẹ̀ ló ń rẹ ará ọ̀run." Àwọn tó lé eré yìí ti rẹ̀, eré náà ṣì wà.