Ẹlẹ́ja Kò Kọ Púpurù: Ìtàn Oúnjẹ Ìlàjẹ fún Asáré Ọ̀nà Jíjìn

Ní sáà tó kọjá, ọ̀kan nínú wa, ọmọ Ìlàjẹ, pinnu láti múra sílẹ̀ fún Máratọ́ọ̀nù Èkó, eré kìlómítà 42 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016. Kí ara rẹ̀ lè fúyẹ́, ó jáwọ́ nínú gàrí, iṣu, ìrẹsì àti búrẹ́dì. Ẹja, ẹyin àti ẹ̀fọ́ nìkan ló kù. Nígbà tí a bi í léèrè, ó ní oúnjẹ àwọn baba ńlá òun ni òun padà sí. Ṣebí ẹja ni Ìlàjẹ fi ń gbé ayé? Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹni tó ti ń sá kìlómítà 15 kò lè sá 8 mọ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wúwo bí òkúta.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú wa yẹ ìtàn wò. Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹja nìkan ló ń gbé ará etí òkun ró?

Gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ilẹ̀ Ìlàjẹ wà: Ugbò, Máhìn, Ayétòrò tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní ọdún 1947, àti ọ̀pọ̀ abúlé tí ilé wọn dúró lórí òpó nínú omi. Irà, yanrìn àti omi iyọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ iṣu. Àmọ́ ẹja ṣáwá àti edé kò wọ́n wọn. Ẹni tó bá wo ilẹ̀ nìkan lè rò pé wọn kì í jẹ oúnjẹ afúnnilókun rárá.

Ọjà ló tú àṣírí. Àwọn Ìkálẹ̀ tó múlé gbè wọ́n ní òkè ilẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀. Ẹja gbígbẹ ń gòkè lọ, gàrí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ wá. Ọjà Igbókọ̀dá ṣì ń jẹ́rìí sí i títí dòní. Ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀, Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, àwọn Potogí ló gbé e wá sí etíkun wa. Níbi tí òjò pọ̀, tí oòrùn kò ṣe é gbọ́kàn lé, iná ni wọ́n fi ń gbẹ ẹ́: wọ́n á rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á mọ ọ́n roboto, wọ́n á sì yan án lórí èéfín. Bí wọ́n bá ti ha èèpo dúdú ara rẹ̀ kúrò, tí wọ́n lọ̀ ọ́, tí wọ́n rò ó nínú omi gbígbóná, púpurù dé nìyẹn. Kì í tètè bàjẹ́, ó sì bá ẹni tó ń wa ọkọ̀, tó ń fa àwọ̀n láti àárọ̀ dalẹ́ mu. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí eré ọ̀nà jíjìn.

Àwọn kan wà lóòótọ́ tí wọn kò ní irú ọjà bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1878 sí 1880, ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan, Frederick Schwatka, bá àwọn Inuit rin ìrìn tó lé ní kìlómítà 5,000 lórí yìnyín, ẹran ni olórí oúnjẹ wọn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kọ́kọ́ rẹ òun, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ara mọ́ ọn. Ara ń kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀rá ṣe agbára. Àmọ́ ìrìn ni wọ́n ń rìn, wọn kò sáré ìje.

Ìyàtọ̀ yẹn hàn nínú ìwádìí. Ní ọdún 1967, àwọn onímọ̀ ní Sweden ní kí àwọn ènìyàn gun kẹ̀kẹ́ títí yóò fi rẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀rá àti ẹran, nǹkan bí wákàtí kan ni wọ́n lò. Lẹ́yìn oúnjẹ afúnnilókun, ó lé ní wákàtí méjì àbọ̀, nítorí ṣúgà tí ara fi pamọ́ sínú iṣan. Ní ọdún 1983, Stephen Phinney rí i pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìjẹ oúnjẹ afúnnilókun, àwọn agunkẹ̀kẹ́ márùn-ún ṣì lè pẹ́ tó ti tẹ́lẹ̀, bí eré náà kò bá le. Ní ọdún 2017, Louise Burke àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn ìje. Ara wọn ń jó ọ̀rá dáadáa, àmọ́ atẹ́gùn tí wọ́n ń lò pọ̀ sí i, eré wọn kò sì yá sí i.

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ wa tún ètò rẹ̀ tò. Ní ọjọ́ tí eré bá rọrùn, ẹja àti ẹ̀fọ́ ló pọ̀ nínú àwo rẹ̀. Ní alẹ́ tó ṣáájú eré jíjìn, púpurù padà sórí tábìlì. Omi àti iyọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ wọ́n ọn. Ẹni tó bá ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà ní láti rí dókítà kó tó dán irú èyí wò. Ó ti ń sá kìlómítà 15 rẹ̀ padà, ìje gan-an ṣì wà níwájú.

Kí a tó sọ pé báyìí ni àwọn baba wa ṣe ń jẹun, ẹ má ṣe jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n pa nínú omi nìkan. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n rà lọ́jà pẹ̀lú.