Òkú Èkó: Ẹja Tí Gẹ̀ẹ́sì Pa Tí Kò Jẹ

Nínú ìlú méje Ìbàràpá, láti Èrúwà títí dé Ìgàngàn, kò sí ọ̀kan tó wà létí òkun. Àgbẹ̀ àti ọdẹ ni àwọn baba wa. Odò ni Ọlọ́run fún wa: Odò Ògùn ń gba apá ìlà-oòrùn wa lọ, Ọ̀fíkì ń gba apá ìwọ̀-oòrùn. Ẹja àrọ̀ wà nínú wọn, ẹpìyà wà nínú wọn. Ìwọ̀, àwọ̀n àti ìgèrè ni wọ́n sì fi ń mú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wọ ọjà Igbó-Ọrà lónìí. Ẹja inú yìnyín ni yóò kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀: Títù, ṣàwá, kótè, pańla. Àwọn àgbà ní orúkọ kan fún un: òkú Èkó.

Orúkọ yìí máa ń pa ọ̀pọ̀ nínú wa lẹ́rìn-ín. Ẹja tó ti kú láti Èkó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kí là bá tún pè é? Ṣùgbọ́n ìtàn wà nínú orúkọ náà, ìtàn ọ̀hún sì gùn ju ọ̀nà Èkó sí Igbó-Ọrà lọ. Ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn èèyàn ti ń pa ẹja tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ, tí wọ́n sì ń jẹ ẹja tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ pa.

Erékùṣù ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, omi ló yí i ká. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé kò sí ohun tó ń bẹ nínú òkun tí wọn kì í jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oríṣi márùn-ún péré ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ohun inú omi tí wọ́n ń jẹ: cod, haddock, salmon, tuna àti edé. Òkèèrè ni wọ́n ti ń ra púpọ̀ nínú cod, tuna àti edé náà. Ẹja tí ọkọ̀ wọn ń kó wálé jù lọ ni mackerel, èyí tí àwa ń pè ní Títù. Ìlú mìíràn ni wọ́n ń tà púpọ̀ nínú rẹ̀ fún. Akàn àti àwọn edé ńláńlá etíkun Scotland ńkọ́? Sípéènì àti Faransé ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà lọ.

Ẹnu wọn kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀, ìtàn ló fà á. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkọ̀ ojú omi tó ń lo agbára ooru lọ jìnnà sí àríwá, ó kó cod bọ̀. Ọkọ̀ ojú irin sì gbé e dé àwọn ìlú tí ilé iṣẹ́ pọ̀ sí. Ẹja díndín pẹ̀lú ànàmọ́ òyìnbó díndín wá di oúnjẹ òṣìṣẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ìjọba fi òṣùwọ̀n sí ẹran, bọ́tà àti ṣúgà, wọn kò fi òṣùwọ̀n sí oúnjẹ yìí. Ohun téèyàn bá jẹ nígbà ìṣòro, tó tún jẹ nígbà ìdẹ̀ra, òun náà ni yóò máa pè ní oúnjẹ ilé rẹ̀.

Mackerel kò rí irú ojú rere bẹ́ẹ̀. Ó máa ń tètè bàjẹ́, débi pé òfin 1698 gbà kí wọ́n máa tà á ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ ọjà yòókù gbọ́dọ̀ wà ní títì. Láwọn apá kan ní àríwá Yúróòpù, àwọn kan tilẹ̀ gbà pé òkú àwọn tó kú sómi ni ẹja yìí ń jẹ. Ẹ wá wò ó: kí ó tó di òkú Èkó lọ́dọ̀ wa, wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ òkú bà á lórúkọ jẹ́ níbòmíràn.

Nítorí cod, àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Iceland jà lẹ́ẹ̀mẹta, láàárín 1958 sí 1976. Ọkọ̀ ogun ni wọ́n fi ṣọ́ àwọn apẹja wọn. Iceland ló borí. Ó fa ààlà òkun rẹ̀ dé igba máìlì, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ apẹja ní Hull àti Grimsby. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwa náà jẹ nínú ẹja tí wọ́n ń torí rẹ̀ jà yìí? Cod tí wọ́n sá gbẹ ni pańla gbígbẹ tó ń ti Norway wá. Iceland pẹ̀lú ń sá orí cod, ó sì ń tà á fún Nàìjíríà. Ẹran ara ẹja lọ sí àwo ọ̀gbẹ́ni ní London, orí rẹ̀ wọ ìkòkò ọbẹ̀ ní ilẹ̀ wa.

Báwo ni ìwà yìí ṣe kàn wá kí iná mànàmáná àti yìnyín tó dé? Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso wa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn gbé oúnjẹ agolo wá láti ilé nínú àpótí. Ẹja odò wa fa ojú wọn mọ́ra, àmọ́ kì í ṣe ọ̀nà ọ̀fun nìkan ni wọ́n ń bá lọ. Mary Kingsley, tó rìn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1893 àti 1895, kó ẹja inú ìgò ọtí líle lọ fún ilé àkójọ ìṣẹ̀ǹbáyé wọn ní London. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ mẹ́ta nínú wọn. Ẹja tí àwọn ará etí odò ti ní orúkọ fún tipẹ́ wá di ẹja Kingsley nínú ìwé.

Ogun Àgbáyé Kejì ló jẹ́ kí ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹja wa bí oúnjẹ gidi. Ọkọ̀ ojú omi kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè kó ẹrù oúnjẹ mọ́. Ní 1941 wọ́n dá ẹ̀ka ọ̀rọ̀ ẹja sílẹ̀ lábẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ibùjókòó rẹ̀ sì wà ní Onikan, ní Èkó. Wọ́n gbìyànjú láti sin ẹja nínú adágún. Èkó àti ọ̀sà ni wọ́n kọ́kọ́ gbájú mọ́, ibi tó jìnnà sí Ọ̀fíkì.

Ní 1957, Michael Ibru, tó ti ṣiṣẹ́ rí ní UAC, ilé iṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹja inú yìnyín wọ Nàìjíríà. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ẹja tútù tí wọ́n mọ̀ máa ń jà pìtìpìtì lọ́wọ́ ẹni, èyí tí wọ́n mọ̀ pé ó ti kú ni wọ́n máa ń yan tàbí kí wọ́n sá. Ẹja tó ti kú, tí kò gbẹ, tó tún le bí òkúta, ó jọ wọ́n lójú. Ṣùgbọ́n kò wọ́n, ó sì dé ibi tí apẹja kò dé. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹnu mọ́ ọn. Nígbà tó yá, Nàìjíríà di ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀ tó ń ra mackerel tí Scotland ń pa. Ẹja tí onílé kò kà sí di ẹja àríyá lọ́dọ̀ wa. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní òkú níwájú àlejò mọ́. Títù ni, orúkọ tó jọ ti sadíìnì inú agolo.

Ẹni tó bá rò pé orúkọ kò já mọ́ nǹkan kan, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Cornwall ní 2021. Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù, ìwé àṣẹ wá pọ̀ lọ́rùn àwọn tó ń ta ẹja sí Faransé àti Sípéènì. Ẹja ń bàjẹ́ lọ́nà. Àwọn apẹja Cornwall ní káwọn ará ilé wá jẹ ẹ́ o. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn ẹja náà kò dùn létí ará ilé. Wọ́n bá yí megrim padà sí "Cornish sole", wọ́n sì sọ akàn kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ ti aláǹtakùn ní "Cornish king crab". Ohun tó wà létí omi wọn láti ìgbà láéláé ni wọ́n tún ń fi orúkọ titun bẹ ara wọn pé kí wọ́n jẹ.

Ohun tí a rí dì mú nínú ìtàn yìí nìyí. Ìfẹ́ tí a ní sí oúnjẹ kan kì í ṣe àbímọ́ni. Owó, ọ̀nà, yìnyín, òfin àti orúkọ ló ń kọ́ ẹnu ní ohun tó ń jẹ. Nítorí náà, a kò ní bú òkú Èkó. Ó bọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà nígbà tí agbára ilé kò ká ẹran. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ ka orí dọ́là, bí dọ́là bá fò, ọbẹ̀ á dà. Ní 2015, báńkì àpapọ̀ ní òun kò ní ta dọ́là mọ́ fún ẹni tó fẹ́ kó sadíìnì àti Geisha inú agolo wọlé. Ní 2023, náírà já wálẹ̀, gbogbo wa la sì rí bí ẹja ṣe ń kéré sí i nínú abọ́ ilé oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́.

Omi wa ṣì wà. Dáàmù Ọ̀yán, tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní 1983, gba omi Ọ̀fíkì sínú, wọ́n sì ń pẹja níbẹ̀. Ohun tó ń lọ tán ni ìmọ̀. Mélòó nínú àwa ọmọ Ìbàràpá tó wà ní yunifásítì ló lè hun ìgèrè? Mélòó ló lè dárúkọ ẹja Ọ̀fíkì márùn-ún yàtọ̀ sí àrọ̀ àti ẹpìyà?

Àwọn ará Cornwall jókòó, wọ́n ronú orúkọ titun kí wọ́n tó lè ta ẹja ilé fún ará ilé. Tiwa ti ní orúkọ. Ó wà lẹ́nu àwọn àgbà ní Ayétẹ̀, Tápà àti Ìdèrè. Bí ẹ bá délé nígbà ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ mú ìwé àti bírò lọ, ẹ lọ kí wọn, ẹ béèrè orúkọ ẹja odò, bí wọ́n ṣe ń mú un, àkókò tó ń jáde àti bí wọ́n ṣe ń sè é. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnu tó mọ̀ ọ́n tó dákẹ́.