Ìtàn Ìdáàbòbò Kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ Àléébù inú Ètò Ìkàwé PDF, 1993 sí 2021

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí àwọn tí ń ṣe ètò tí a fi ń ka ìwé lórí kọ̀ǹpútà ṣe kọ́gbọ́n àtidáàbò bo àwọn tí ń lò ó. Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé ìtàn náà kò ju pé àléébù yọjú, wọ́n sì tún un ṣe. A kò fara mọ́ èrò yìí. Lójú tiwa, ọdún 2010 ni ìtàn náà yí padà, nígbà tí ilé iṣẹ́ Adobe gbà pé àtúnṣe nìkan kò tó, pé ètò ìkàwé fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí a há mọ́.

Ní 1991 ni John Warnock, ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó dá Adobe sílẹ̀, kọ àbá kan tí ó pè ní Camelot. Ohun tí ó ń wá kò ju pé kí ìwé rí bákan náà lórí kọ̀ǹpútà gbogbo. Láti inú àbá yìí ni PDF ti jáde ní 1993. Ì bá dúró síbẹ̀ ni, bóyá à bá má rí ohun kọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fi kún un: fọ́ọ̀mù, JavaScript tí í mú kí ìwé máa ṣe ìṣirò fúnra rẹ̀, àti JBIG2, ọgbọ́n tí a fi ń fún àwòrán ojú ìwé pọ̀ kí ó má baà gba àyè. Ìwé tí ó yẹ kí ó jókòó jẹ́ẹ́ kí a kà á wá di ohun tí ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ.

Níbo ni ewu wà nínú èyí? Bí fáìlì bá sọ pé àwòrán kan tóbi tó báyìí, tí ètò ìkàwé sì gbà á gbọ́ láì yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí ó ń kọ sílẹ̀ lè kọjá àyè tí a yà sọ́tọ̀ fún un. Aṣebi tí ó gbọ́n yóò fi àṣẹ tirẹ̀ sí ibi tí ó kọjá sí. Irú èyí ni ó ṣẹlẹ̀ sí JBIG2 inú Adobe Reader ní oṣù Kejì ọdún 2009. Àwọn aṣebi ti ń lo àléébù náà kí àtúnṣe tó jáde ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta. Ìmọ̀ràn tí a ń gba àwọn ènìyàn nígbà náà ni pé kí wọ́n pa JavaScript. Èyí dín ewu kù, ṣùgbọ́n àléébù náà wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún, Adobe kéde pé oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni àtúnṣe yóò máa jáde. Oṣù Kejìlá kò tíì parí tí àléébù mìíràn fi dé, ó sì di ọjọ́ kejìlá oṣù Kìíní ọdún 2010 kí wọ́n tó dí i.

Nígbà tí Adobe Reader X jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2010, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Apá tí ń ka fáìlì di àlejò tí a fi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀: bí ó bá fẹ́ wọ yàrá, ó ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ apá kejì tí ń ṣọ́nà. Lóòótọ́, àwọn kan já ààbò yìí ní oṣù Kejì ọdún 2013, ṣùgbọ́n àléébù méjì ni wọ́n ní láti so pọ̀ kí wọ́n tó rí i ṣe. Ní oṣù yẹn kan náà ni Firefox 19 gbé ètò ìkàwé tirẹ̀ jáde, tí wọ́n fi JavaScript kọ. (Ẹni tí à ń fi ẹ̀sùn kàn lánàá ti di ọlọ́dẹ.)

Ní 2021, JBIG2 tún yọjú, lórí fóònù Apple. Citizen Lab ní Toronto ni ó tú àṣírí rẹ̀: fáìlì PDF tí a fi orúkọ GIF bò, tí ó wọlé láì jẹ́ pé ẹni tí ó ni fóònù tẹ ohunkóhun. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí à ń gba ìwé lọ́tùn-ún lósì, kí ni 'má ṣí ìwé àjèjì' lè ṣe fún wa níhìn-ín? Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹsàn-án ni Apple dí i. Àlàyé tí àwọn olùwádìí Google ṣe ní oṣù Kejìlá ni ó ti èrò wa lẹ́yìn jù lọ. Apple ti ní àhámọ́ tirẹ̀, BlastDoor, láti 2020, ṣùgbọ́n ìta rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí GIF. Nínú iOS 15 ni wọ́n tó kó iṣẹ́ náà wọ inú rẹ̀.