Fẹ́rẹ́ẹ̀tì Àgbà àti Ilé Àbò: Ìyípadà Ipò Ẹran-Ọ̀sìn Kan

Ó rọrùn láti rò pé àánú nìkan ni ó bí àwọn ilé àbò tí ń gba fẹ́rẹ́ẹ̀tì tí a kọ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Bìrìtéènì. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé òwò ti lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn náà kí àánú tó dé ibẹ̀, àti pé ìdí nìyí tí ó fi kan àwọn tí ó ti dàgbà jù.

Fẹ́rẹ́ẹ̀tì kò sí nínú igbó tiwa. Ẹranko tẹ́ẹ́rẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú ni, ẹran ni ó sì ń jẹ. Láti ara ẹranko ìgbẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní polecat ni a ti mú un wálé. Ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, Strabo, ará Gíríìkì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará Ìbéríà a máa di ẹranko kan lẹ́nu, tí ọ̀pọ̀ gbà pé fẹ́rẹ́ẹ̀tì ni, wọn a sì tì í sínú ihò kí ó lé ehoro jáde. Irú iṣẹ́ yìí náà ni ó ń ṣe ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ọba Richard Kejì. Òfin ọdún 1390 ka lílò rẹ̀ léèwọ̀ fún ẹni tí kì í ṣe àlùfáà, tí ilẹ̀ rẹ̀ kò mú 40 ṣílè wọlé lọ́dún. Ta ni yóò ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ nítorí ohun ìṣeré? Irinṣẹ́ ni í ṣe, bí ajá ọdẹ lọ́dọ̀ tiwa.

Ní Amẹ́ríkà, láàárín 1970 sí 1990, ó di ohun tí à ń sìn nínú ilé fún ìfẹ́ lásán. Àwọn oko ńlá ń bí i fún títà. Nígbà tí ọmọ bá tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, wọn a tẹ akọ lọ́dàá, wọn a yọ ilé ọmọ abo. Kì í ṣe ìwà ìkà lásán, nítorí abo tí ara rẹ̀ ń fẹ́ akọ tí kò rí i lè kú nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí a ṣe ní Hóláńdì, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2000, so iṣẹ́ abẹ náà mọ́ kókó tí ń hù lára ẹ̀yà kékeré tí ó wà létí kíndìnrín: nǹkan bí ọdún 3 àbọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni àìsàn ń yọjú. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ayé fẹ́rẹ́ẹ̀tì kò sábà kọjá ọdún 5 sí 8. Irun ìrù rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Àìsàn mìíràn a sì máa dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kù. Owó oníṣègùn a wá ju iye tí a fi rà á lọ fíìfíì. Ẹni tí ó rà á ní kékeré kò mọ̀ pé gbèsè wà nínú ọjà náà, ilé àbò ni ó sì ń jogún rẹ̀.

Ẹni tí ó bá wá gba èyí tí ó ti pé ọdún 5 mọ ohun tí òun ń gbé: oògùn ojoojúmọ́, oúnjẹ ní wákàtí díẹ̀ díẹ̀, àgò tí kò ga. Èrè tirẹ̀ ni pé ìwà ẹran náà ti hàn, ó sì ti mọ ibi ìyàgbẹ́ rẹ̀. Òfin kò gbà á láàyè rárá ní California àti Hawaii.

Ní Yúróòpù, àwọn oníṣègùn ẹran kan ti ń fi oògùn tí a ń tẹ̀ sábẹ́ awọ dípò abẹ. Àwọn oko ńlá Amẹ́ríkà kò tí ì yí padà. Àwọn tí yóò dé ilé àbò ní ọdún 3 tàbí 4 sí òní ti wà nínú àgò ìtajà báyìí.