Ọ̀kẹ́

Ọ̀kẹ́ ni orúkọ 20,000 nínú òǹkà Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà sì tún ń tọ́ka sí àpò ńlá, nítorí pé nígbà tí owó ẹyọ ni wọ́n ń ná ní àwọn ìlú bí Ọ̀sì àti Ilọ́fà àti jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá, ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn ni orí kan, tí í ṣe ẹgbàá, orí mẹ́wàá ló sì ń kún àpò.

Bí a bá tú iye yìí sí àwọn nọ́ńbà tí ohunkóhun kò lè pín láìṣẹ́kù àfi 1 àti ara wọn, 2 yóò jáde lẹ́ẹ̀marùn-ún, 5 yóò jáde lẹ́ẹ̀mẹrin, kò sì ní sí òmíràn. Ìdí nìyí tí ọgbọ̀n nọ́ńbà fi lè pín in dọ́gba, èyí tó rọrùn fún ẹni tó ń pín owó lọ́jà. Nítorí pé 2 kan kò ní ẹnìkejì, kò sí odidi nọ́ńbà tí a lè fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kí ó jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́ méjì jẹ́ igba lọ́nà igba, àádọ́ta ọ̀kẹ́, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní mílíọ̀nù báyìí, sì jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Èyí tó dùn jù ni pé ogóje lọ́nà ogóje, tí a bá fi ogún lọ́nà ogún kún un, jẹ́ ọ̀kẹ́ kan géérégé.