Ta Ni Yóò Gba Àmì-Ẹ̀yẹ? Kọ́lá Ògúnmọ́lá ti Òkèmẹ̀sí àti Àsọtẹ́lẹ̀ nínú Ìdíje Eré Orí Ìtàgé

Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Àsọtẹ́lẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò, àmọ́ kì í ṣe ti òjò, kì í sì ṣe ti ìbò. Àsọtẹ́lẹ̀ nípa àmì-ẹ̀yẹ eré orí ìtàgé ni. Báwo ni àwọn kan ṣe ń mọ ẹni tí yóò gba àmì-ẹ̀yẹ kí wọ́n tó kéde rẹ̀? Kí sì ni ìmọ̀ yìí lè kọ́ àwa tí èdè Yorùbá jẹ lógún? Òṣèré kan tí wọ́n bí ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì ni yóò jẹ́ òṣùwọ̀n wa.

Àsọtẹ́lẹ̀ yàtọ̀ sí ìméfò

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Ẹni tó ń méfò kò ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́. Ohun tó bá ti wá sí i lọ́kàn ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ tẹ́lẹ̀ ti rí àmì kan tó gbára lé. Irú àwọn ẹni kejì yìí pọ̀ ní New York, níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn òṣèré ní àmì-ẹ̀yẹ Tony láti ọdún 1947. Oṣù kẹfà ọdún ni wọ́n sábà máa ń fún wọn ní àmì-ẹ̀yẹ náà, ṣùgbọ́n kí oṣù náà tó dé ni àwọn àmì-ẹ̀yẹ mìíràn, irú bíi Drama Desk àti Outer Critics Circle, ti máa ń fi ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí hàn. Ẹni tó fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀ yóò wo ohun mẹ́ta: àwọn tó ti gba àwọn àmì-ẹ̀yẹ ìṣáájú, irú eré tí wọ́n ti yàn ní àwọn ọdún tó ti kọjá, àti irú ènìyàn tí àwọn olùdìbò jẹ́.

Ẹ̀kẹta yìí ló wúwo jù. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2010. Eré *Fela!*, tí wọ́n gbé ka orí ìgbésí ayé àti orin Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, ọmọ Ẹ̀gbá, wọ Broadway ní 2009. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ àwọn tó wọ inú ìdíje Tony, ìgbà 11 ni wọ́n dárúkọ rẹ̀. Òun àti *La Cage aux Folles* ni iye tiwọn pọ̀ jù ní ọdún náà. Ẹni tó bá ń ka iye nìkan ì bá ti máa jó. Ṣùgbọ́n *Memphis* ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ eré olórin tó dára jù. Mẹ́ta ni *Fela!* rí gbà: ti ijó, ti aṣọ, àti ti ètò ìró ohùn. Àwọn tó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti ń lọ ti ń kìlọ̀ tipẹ́ pé lára àwọn olùdìbò Tony ni àwọn tó ń gbé eré káàkiri àwọn ìlú Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì máa ń bi ara wọn léèrè bóyá eré yìí yóò tà ní ìlú tiwọn.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń bi ara rẹ̀ pé, “Eré wo ló dára jù?” kò tíì bẹ̀rẹ̀ àsọtẹ́lẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé, “Ta ni ń ṣe ìdájọ́, kí sì ni etí rẹ̀ lè gbọ́?” Ìbéèrè yìí ni kí á gbé wálé.

Ọmọ Òkèmẹ̀sí

Ní ọdún 1925 ni wọ́n bí Èlíjà Kọ́láwọlé Ògúnmọ́lá ní Òkèmẹ̀sí. Lónìí, ìlú náà wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àrámọ̀kọ́. Ẹ̀fọ̀n Alààyè àti Ìjerò kò jìnnà sí i. Òkèmẹ̀sí yìí kan náà ni Fábùnmi, jagunjagun Èkìtìparapọ̀ nígbà ogun Kírìjì, ti wá.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni Ògúnmọ́lá ń ṣe kí eré tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Hubert Ògúndé ti la ọ̀nà sílẹ̀ láti ọdún 1944. Kí àwọn ọdún 1940 tó parí, Ògúnmọ́lá náà ti dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Èkìtì. Láti inú eré Bíbélì ló ti bọ́ sínú eré nípa ìgbé ayé ẹ̀dá. *Ìfẹ́ Owó*, tó sọ ìtàn ọkùnrin kan tó lọ fẹ́ ìyàwó kejì tó sì fi bẹ́ẹ̀ kó ara rẹ̀ sí wàhálà, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ẹni mímọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa ẹ̀ka-èdè, ẹ kíyè sí kókó kan. Èdè Èkìtì ni wọ́n ń sọ níbi tí wọ́n ti bí ọkùnrin yìí, níbi tí a ti ń pe ilé ní “ulé”, tí a sì ń pe iṣu ní “uṣu”. Síbẹ̀, Yorùbá àjùmọ̀lò ni èdè tó fi ṣe eré rẹ̀, nítorí pé gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni ọkọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ná. Ó ti mọ àwọn tí yóò ṣe ìdájọ́ rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ sí etí wọn.

Ta ni adájọ́ ẹgbẹ́ alárìnká nígbà náà? Òǹwòran tó sanwó ìwọlé ni. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìwé ìkéde. Bí eré kò bá dùn, àwọn ènìyàn yóò sọ ọ́ síta kí ilẹ̀ tó mọ́, ìlú kejì yóò sì ti gbọ́. Bí ó bá dùn, wọn yóò ní kí ẹgbẹ́ náà padà wá. Olórí ẹgbẹ́ ní láti mọ ohun tí ìlú tó ń lọ fẹ́ kó tó dé ibẹ̀. Bó bá ṣì í, ebi ni. Àwọn olórí ẹgbẹ́ yìí gan-an ni mo kà sí ọ̀gá nínú àsọtẹ́lẹ̀, nítorí oúnjẹ òòjọ́ wọn ló rọ̀ mọ́ ọn.

Ní 1962, owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ àjọ Rockefeller mú Ògúnmọ́lá lọ sí yunifásítì ní Ìbàdàn fún oṣù mẹ́fà, ní ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ eré oníṣe. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ní 1963 ni *Lánkẹ́ Ọ̀mùtí*, tí Demas Nwoko ṣe ètò ìtàgé rẹ̀. Inú ìwé *The Palm-Wine Drinkard* tí Amos Tutùọlá tẹ̀ jáde ní 1952 ni wọ́n ti fa ìtàn náà yọ: ọ̀mùtí kan tí adẹ́mu rẹ̀ já bọ́ láti orí ọ̀pẹ tó sì kú, tí ọ̀gá rẹ̀ wá ń wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Ẹ ronú sí ìrìn-àjò ìtàn yìí. Ọmọ Ẹ̀gbá ro ó ní Yorùbá, ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Èkìtì mú un padà bọ̀ sí Yorùbá. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn da eré náà kọ sínú ìwé láti ẹnu àwọn òṣèré, wọ́n sì tún tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Èyí ni pé òǹwòran ti rí eré náà, ó ti gbádùn rẹ̀, kó tó di ìwé rárá.

Algiers, 1969

Ní oṣù keje 1969, wọ́n ṣe Àjọ̀dún Àṣà Gbogbo Áfíríkà àkọ́kọ́ ní Algiers, olú ìlú Àlùjíríà. *Lánkẹ́ Ọ̀mùtí* ni Nàìjíríà gbé lọ. Ẹ jẹ́ kí á fi ara wa sí ipò ẹni tó fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ó mọ̀ pé eré náà ti gbilẹ̀ nílé. Ó mọ̀ pé orin, ijó àti àwòrán inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n bó bá bèèrè ìbéèrè wa, yóò wo àyíká rẹ̀: ìlú tí wọ́n wà, Faransé ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ ń sọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tó wá.

Àmì-ẹ̀yẹ wúrà ti eré oníṣe bọ́ sọ́wọ́ *L'Exil d'Albouri*, eré tí Cheik Aliou Ndao ti Senegal kọ ní èdè Faransé. N kò wí pé èdè nìkan ló fà á. Eré ńlá ni eré náà, ìtàn ọba Wolof kan tó yàn láti ṣí kúrò nílùú dípò kó tẹrí ba fún òyìnbó. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tó bá gbọ́ Faransé nìkan yóò gbọ́ ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ Ndao, ṣùgbọ́n ìlù àti ijó Ògúnmọ́lá nìkan ni yóò rí. Àwàdà inú ọ̀rọ̀, àpárá, àti bí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ṣe ń yí ìtumọ̀ padà, gbogbo ìwọ̀nyí yóò bọ́ sílẹ̀ kó tó dé etí rẹ̀.

Ní 1970, àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlu Ògúnmọ́lá. Ó kú ní 1973.

Ìwé wo, ní èdè wo?

Nígbà tí FESTAC dé ní 1977, tí Nàìjíríà jẹ́ olùgbàlejò, *Langbodo* tí Wálé Ògúnyẹmí kọ ni a fi ṣojú orílẹ̀-èdè wa nínú eré oníṣe. Inú ìwé Yorùbá tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938 ni ìtàn rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni èdè tí wọ́n fi kọ eré náà. Ilé tiwa nìyí o, ìtàn tiwa nìyí, síbẹ̀ a ti ń wo ojú àlejò kí á tó la ẹnu.

Láti ọdún 2004 ni ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ tó lówó lórí jù ní Nàìjíríà, èyí tí ilé iṣẹ́ NLNG ń fúnni, ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti di $100,000 láti 2011. Ìwé tí a tẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń gbà. Ìtàn àròsọ, ewì, eré oníṣe àti ìwé ọmọdé ló máa ń kàn ní ìyípo. Àwọn tó ti gba ti eré oníṣe nìyí: Ahmed Yerima ní 2006 pẹ̀lú *Hard Ground*, Esiaba Irobi ní 2010 pẹ̀lú *Cemetery Road*, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú, Sam Ukala ní 2014 pẹ̀lú *Iredi War*, Ṣọjí Cole ní 2018 pẹ̀lú *Embers*, àti Obari Gomba ní 2023 pẹ̀lú *Grit*.

Ẹ ka orúkọ márààrún dáadáa. Ohun kan pa wọ́n pọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀bùn wọn: gbogbo wọn ló ti ṣe olùkọ́ ní yunifásítì. N kò fi èyí bú ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí èmi náà ń ṣe nìyẹn. Àmì tí ẹni tó ń sọ tẹ́lẹ̀ yóò gbára lé ni mo ń tọ́ka sí. Kí ó sì rántí pé àwọn adájọ́ yìí lè ní kò sí ẹni tó yege, bí wọ́n ti ṣe ní 2004, 2009 àti 2015.

Àsọtẹ́lẹ̀ tèmi

Bí ìyípo náà bá ń lọ bó ṣe ń lọ, ọdún 2027 ni yóò tún kan eré oníṣe. Ta ni yóò gbà á? Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dá mi lójú. Bí òfin ìdíje náà kò bá yí padà, kò sí eré Yorùbá tí yóò gbà á, bó ti wù kó dùn tó. Bí òṣèré kan bá wà ní Ìjerò tàbí ní Ẹ̀fọ̀n lónìí, tó ní ẹ̀bùn Ògúnmọ́lá, tí kò sì fẹ́ kọ Gẹ̀ẹ́sì, a ti mọ èsì rẹ̀ kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Àsọtẹ́lẹ̀ tó rọrùn jù ni, òun ló sì yẹ kó dùn wá jù.

Àwọn kan yóò ní kò ṣeé ṣe láti fi òṣùwọ̀n kan wọn eré tó wà ní onírúurú èdè. Ìwà àwọn onífíìmù fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Àmì-ẹ̀yẹ AMAA, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ya àyè kan sọ́tọ̀ fún fíìmù tí a ṣe ní èdè Áfíríkà. Ní 2007, *Ìràpadà*, fíìmù Yorùbá tí Kúnlé Afọláyan wà lára àwọn tó darí rẹ̀, ló gbà á. Bẹ́ẹ̀ láti inú ẹgbẹ́ alárìnká ti Ògúndé, Ògúnmọ́lá àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ni fíìmù Yorùbá ti ṣẹ̀ wá. Ọmọ ti rí ìjókòó, ìyá ṣì wà lórí ìdúró.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ yín wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ìkéde ìdíje kan, ẹ má kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí yóò borí. Ẹ ka òfin ìwọlé rẹ̀ ná, kí ẹ wo èdè tí wọ́n gbà àti èyí tí wọ́n tì síta. Àwọn tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá ṣeré fún ní gbọ̀ngàn ìlú gbogbo kò bèèrè irú ìwé tó ní kí wọ́n tó pàtẹ́wọ́ fún un. Ó yẹ kí àwa tí a kàwé lè dá eré dáadáa mọ̀ ní èdè tí wọ́n fi dá a mọ̀.